Ọ̀rọ̀ Tí Ẹnu Mi Kọ̀ Láti Túmọ̀

Òórùn kòkó ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ẹni ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìdógùn. Iwájú ilé ìjọ ni sìmẹ́ǹtì tó tẹ́jú jù lọ ní gbogbo àdúgbò wà, nítorí náà ibẹ̀ ni oníkálukú ń sá kòkó sí, ti wọ́dìn ìjọ ló sì máa ń pọ̀ jù. Òórùn náà á kan bí ẹmu àná, á wọ inú ilé lọ, á lọ bá ti káńfọ̀ tó wà lára aṣọ àwọn ìyá àgbà, àti ti kẹrosíìnì tí wọ́n fi ń nu bẹ́ǹṣì nítorí ikán. Bí o bá jókòó síbẹ̀ fún wákàtí kan, orí á fọ́ ọ. Síbẹ̀ mo fẹ́ràn ibẹ̀, àní mo fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an. Inú ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n bí mi sí, bàbá mi ló ń ka ẹ̀kọ́ kìíní ní ṣọ́ọ̀ṣì wa l'Ọ́wọ̀ títí ojú wọn fi di bàìbàì. Mo ń sọ èyí kí o má baà rò pé ọ̀tá ìjọ ló ń bá ọ sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé, tí ìjọba ń dá ilé-ẹ̀kọ́ girama sílẹ̀ káàkiri bí ẹni ń gbin àgbàdo, wọ́n rán mi lọ sí Ìdógùn láti lọ kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìwọ náà rántí ìgbà yẹn, kíláàsì tí kò ní ilẹ̀kùn, ewúrẹ́ á wọlé wá bá ẹ níbi tí o ti ń kọ́ni. Ní táàmù kan náà ni wọ́n rán ọmọbìnrin Ẹ̀gbá kan wá láti máa kọ́ni ní Ìmọ̀ Bíbélì. Ó kúrú, ó tín-ín-rín, ohùn rẹ̀ sì tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Àwọn ará ìlú ń pè é ní Mísì Kékeré, wọ́n ń pe èmi ní Mísì Gíga. Ilé kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù fún tíṣà obìnrin, pírínsípà ní kí a jọ máa gbé e. A jọ ń gbé e. Kí ọdún tó yí po, a ti fẹ́ràn ara wa bí ọkùnrin àti obìnrin ti ń fẹ́ràn ara wọn. Ó ti jáde lẹ́nu mi, má wulẹ̀ yanu. Mo ti dàgbà ju ẹni tí ń fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n lọ.

Iṣẹ́ tí mo ní nínú ìjọ náà ni iṣẹ́ ògbufọ̀. Àwọn oníwàásù máa ń ti Ọ̀wọ̀ wá, láti pólì tàbí láti ọsibítù, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í ṣe Yorùbá. Wọ́n á sọ gbólóhùn kan ní Gẹ̀ẹ́sì, màá sọ ọ́ ní ẹnu wa kí àwọn ìyá tí kò kàwé lè gbọ́. Bí oníwàásù bá ní "mo jẹ̀bi," ògbufọ̀ náà á ní "mo jẹ̀bi", kò gbọdọ̀ sọ pé "ó ní òun jẹ̀bi." Bí ó bá lu tábìlì, kí ògbufọ̀ náà lù ú. Bí mo bá dákẹ́ díẹ̀ láti ronú, ìyá àgbà kan tó máa ń jókòó níwájú pátápátá á ké sí mi pé, "Mísì, má dá a jẹ o!" Gbogbo ìjọ á bú sẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tí í bínú sí ògbufọ̀, ohun yòówù tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde. Àwọn àgbà ló kúkú ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Mo gbádùn iṣẹ́ yẹn. Mo fẹ́ràn kí wọ́n máa gbọ́ ohùn mi, kí n má parọ́.

Ṣùgbọ́n ìlú kékeré, ojú rẹ̀ pọ̀. Wọ́n rí i pé ọ̀gá àgírìkì ń wá kí Mísì Kékeré títí bàtà rẹ̀ fi jẹ, kò rí ju omi tútù gbà. Wọ́n rí i pé àbúrò wọ́dìn gan-an fẹ́ fẹ́ mi, mo sì lé e bí ẹni lé adìyẹ. Ẹnì kan ní òun rí wa ní ẹ̀yìnkùlé níbi tí mo ti ń di irun fún ọ̀rẹ́ mi, ó ní ẹ̀rín tí à ń rín kì í ṣe ẹ̀rín lásán. Ẹ̀rín lásán wo ló tún wà? Bí wúyẹ́wúyẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n gbé e lé lórí jù, nítorí àlejò ni, kò ní bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n nítòsí tó máa gbèjà rẹ̀. Ìtìjú kọ́ ni mò ń bẹ̀rù. Mo mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ náà bá fi lè fìdí múlẹ̀, wọn á lé e níṣẹ́, wọn á lé e kúrò nídìí tábìlì Olúwa, wọn á sì yà wá. N kò mọ bí mo ṣe máa wà láàyè lẹ́yìn ìyẹn.

Àlùfáà ìjọ wa, ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í fẹ́ wàhálà, wá pe òyìnbó arúgbó kan tó ti pẹ́ nílẹ̀ yìí ṣùgbọ́n tí kò gbọ́ Yorùbá, kí ó wá kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ nípa ìgbéyàwó fún ọ̀sán mẹ́ta, nígbà tí àwọn èèyàn bá ti oko dé. N kò ní í ba òyìnbó náà jẹ́ fún ọ. Èèyàn pẹ̀lẹ́ ni, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, ó máa ń kí ọmọdé kó tó kí àgbà. Bí ó bá parí gbólóhùn kan, á fi ìka kan tábìlì, kó, kó, kí n mọ̀ pé ó ti kàn mí.

Ọ̀sán kìíní lọ dáadáa. A ń palẹ̀ mọ́ ni wọ́dìn dìde, ó tún apá agbádá rẹ̀ ṣe. "Ẹ bá wa bi òyìnbó," ó ní. "Obìnrin méjì tó ń gbé pọ̀ bíi tọkọtaya, kí ni Bíbélì wí sí i?" Kò wo ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n gbogbo ìjọ bá a wò ó: ojú wọn lọ tààrà sí bẹ́ǹṣì kẹta níbi tí ọ̀rẹ́ mi jókòó sí. Èmi sì ni mo gbé ìbéèrè náà lọ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ó ṣe mí bí ẹni pé wọ́n ní kí n fi ọwọ́ ara mi ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi. Òyìnbó ní ìbéèrè ńlá ni, òun á dáhùn rẹ̀ lọ́la.

Nígbà tí a délé, mo ní n kò lọ mọ́, màá ní ara mi kò yá. Ọ̀rẹ́ mi ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, kò gbójú sókè. "Òní tí wọ́n béèrè lara rẹ kò wá yá?" ó ní. "Sọ ohun tó bá sọ. N kò ní í bínú. Ògbufọ̀ ni ọ́." Mo jókòó tì í, mo há. Bí mo bá lọ, ẹnu mi ni wọ́n máa fi nà án. Bí n kò bá lọ, mo ti jẹ́wọ́ fún àwa méjèèjì nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, èrò kún dé ẹnu ọ̀nà, àwọn tí kì í wá ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Kérésì pàápàá wá. Òyìnbó ṣí Lefitiku, ó ṣí ìwé tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Romu, ó ní akọ àti abo ni Ọlọ́run dá, kò fi ọ̀nà mìíràn lélẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀, ohùn mi kò gbọ̀n. Ìgbà náà ni Bàbá Katikíìsì dìde. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọ, oko ni wọ́n ń dá lọ́nà Arímọ̀gìjà, ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n kọ́ ìdajì ìlú ní a-bí-dí. "Sọ fún òyìnbó," wọ́n ní, "pé Lefitiku kan náà ló ní kí a má wọ aṣọ tí a fi oríṣi òwú méjì hun. Kí ló wọ̀ sọ́rùn yẹn?" Ìjọ rẹ́rìn-ín. Mo sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, òyìnbó náà wo ẹ̀wù ara rẹ̀, òun náà rẹ́rìn-ín. Ó ní Jésù ti tú wa sílẹ̀ lọ́wọ́ òfin aṣọ àti ti oúnjẹ, kò tú wa sílẹ̀ lọ́wọ́ ti ìwà, Pọ́ọ̀lù sì tún un sọ lẹ́yìn Jésù. Bàbá ní ó dáa, ìwẹ̀fà, ọkùnrin tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá, tí Fílípì pàdé lọ́nà ńkọ́? Ṣé òfin Mósè kọ́ ló ní irú wọn kò gbọdọ̀ wọ àárín ìjọ? "Ó bi Fílípì pé kí ló dí òun lọ́wọ́ láti ṣèrìbọmi. Fílípì kò ṣí òfin fún un. Wọ́n jọ sọ̀ kalẹ̀ sínú omi ni." Òyìnbó dáhùn pé ìwẹ̀fà kò ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ kankan, bí wọ́n ṣe ṣe é ló wà, àwọn tí à ń sọ yìí, àwọn fúnra wọn ló yàn án. Bàbá wo èmi, kì í ṣe òyìnbó, wọ́n ní, "Bi í pé ta ló sọ fún un pé wọ́n yàn án."

Bẹ́ẹ̀ ni mò ń lọ, mò ń bọ̀ láàárín wọn. Bí mo bá jẹ́ òyìnbó, màá ní ẹ̀ṣẹ̀ ni. Bí mo bá jẹ́ Bàbá, màá ní ẹ ṣàánú wọn. Gbogbo ohun tí èèyàn lè sọ nípa èmi àti ọ̀rẹ́ mi ló gba ẹnu mi kọjá lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, kò sì sí ẹyọ kan tó jẹ́ tèmi níbẹ̀. Inú bí mi, ó ń ṣe mí bíi kí n sunkún, n kò sì lè ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ní ìparí, Bàbá ní òun kò sọ pé Ìwé Mímọ́ fọwọ́ sí i o, òun kò kà á níbẹ̀. Ohun tó ń ba òun lẹ́rù ni kí a máa gbé oúnjẹ kúrò níwájú ẹni tí ebi ń pa. Wọ́dìn ní, "Bàbá, oorun ti ń kùn yín." Ẹ̀rín tí ìjọ rín sí ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ ibi tí wọ́n fì sí.

Ọ̀sán kẹta ni òyìnbó fẹ́ fi òpin sí ọ̀rọ̀. Ó ti sọ̀rọ̀ ìfẹ́, ó ti sọ̀rọ̀ sùúrù, mo ti túmọ̀ gbogbo rẹ̀, mo ti ń rò pé ó ti tán. Ó nu awò ojú rẹ̀. "Nítorí náà," ó ní, "bí ẹnikẹ́ni láàárín yín bá ń gbé irú ìgbé ayé yìí, kí ó má ṣe na ọwọ́ sí tábìlì Olúwa títí yóò fi fi ẹni náà sílẹ̀." Ó kan tábìlì.

Mo la ẹnu, nǹkan kan kò jáde. Ó rò pé n kò gbọ́, ó tún un sọ, ó fi ohùn sí i, ó tún kan tábìlì. Àwọn ìyá tó wà níwájú gbójú sókè wò mí, wọ́n ń dúró. "Mísì, má dá a jẹ o," ni ìyá àgbà wí, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ìka òyìnbó kan tábìlì lẹ́ẹ̀kẹta. Wọ́dìn ti na ọrùn. Mo rí i bí ojú àwọn èèyàn ṣe ń kúrò lára mi lọ sí bẹ́ǹṣì kẹta, tí ó tún ń padà bọ̀ sára mi. Mo mọ̀ pé bí n kò bá sọ̀rọ̀ báyìí, ó parí, mo sì mọ̀ pé n kò lè sọ ọ́. Kí wọ́n pa mí, n kò lè sọ ọ́.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ìró bàtà lórí sìmẹ́ǹtì. Ọ̀rẹ́ mi ti dìde, ó ń bọ̀ láàárín bẹ́ǹṣì, kò yára, kò falẹ̀. "Ibà ti ń ṣe é láti àárọ̀," ló wí fún ìjọ, ó sì tì mí jókòó sórí àga tó wà lẹ́yìn. Ọwọ́ rẹ̀ tutù bí omi àmù. Ó dojú kọ wọ́n, ó gbé ohùn tí ó fi ń pe ìwé fún àwọn ọmọ kíláàsì mẹ́ta sókè, ó wí pé, "Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni láàárín yín bá ń gbé irú ìgbé ayé yìí, kí ó má ṣe na ọwọ́ sí tábìlì Olúwa títí yóò fi fi ẹni náà sílẹ̀." Kò yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò, kò sì rọ ọ̀kankan. Gbogbo ìjọ ní, "Àmín!" Ìyókù ìwàásù náà, òun ló túmọ̀ rẹ̀. Èmi ń wo ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ níbi tí òógùn ti là á dé ìbàdí.

Lọ́jọ́ kejì, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí ìyá àgbà fi wọlé tọ̀ wá, ọmọ ọmọ rẹ̀ ru iṣu tẹ̀ lé e. Ìdí tó fi wá ni láti bẹ Mísì Kékeré. "Ọmọ mi, a ti ṣẹ̀ ọ́," ó ní. "Bí ọ̀bẹ mú títí, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìwọ ni, ẹnu rẹ ìbá kọ̀ ọ́." Ohun tí gbogbo ìlú gbà nìyẹn. Lójú wọn, ẹnikẹ́ni kì í dúró níwájú pẹpẹ kó fi ẹnu ara rẹ̀ dájọ́ ara rẹ̀, bí ó bá sọ ọ́ tí kò gbọ̀n, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Wúyẹ́wúyẹ́ kú. Àwọn tó ti ń yọ ṣùtì sí i bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀fọ́ àti tòmátì ránṣẹ́ sí wa. Èmi náà, wọ́n bu àgbo ibà fún mi, mo sì mu ún, ó korò bí jogbo. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo rò pé a ti bọ́.

Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù dé, ọjọ́ Oúnjẹ Olúwa. Bẹ́ǹṣì tiwa dìde, mo dìde, ọ̀rẹ́ mi kò dìde. Mo fi ọwọ́ gún un, ó mi orí. Mo lọ, mo kúnlẹ̀, mo jẹ ẹ́, n kò mọ adùn rẹ̀. Nígbà tí a délé mo bínú sí i tó fi jẹ́ pé mo ju ìborí mi sílẹ̀. "Kí ló ń ṣe ọ́? Ọ̀rọ̀ òyìnbó ni! Ògbufọ̀ ni ọ́, ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀ fún mi!" Ó dá mi lóhùn jẹ́jẹ́ pé òun mọ̀. "Ṣùgbọ́n mo ti sọ ọ́ níwájú pẹpẹ," ó ní. "Mo ní kí onítọ̀hún má jẹun títí yóò fi fi ẹni náà sílẹ̀. N kò ní í fi ọ́ sílẹ̀." Mo ní ó dáa, èmi náà kò ní í jẹ mọ́. Ibẹ̀ ló ti dìde dúró. "Bí a bá jọ jókòó, wọ́n á mọ̀. Ìwọ máa lọ jẹun."

Bí ó ṣe há mi mọ́lẹ̀ nìyẹn, ìfẹ́ ló sì fi há mi. Ní oṣooṣù, màá dìde, màá rọra gba iwájú orúnkún rẹ̀ kọjá, màá lọ jẹun, màá sì padà wá jókòó ti ẹni tí ebi ń pa nítorí mi. Àwọn ará ìjọ rí i pé kì í jẹ, wọ́n ní ọkàn ẹlẹgẹ́ ló ní, wọ́n ní ó ń bẹ̀rù Ọlọ́run jù. Wọ́dìn tilẹ̀ fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọ̀dọ́ lọ́jọ́ kan. Orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ là. Ó ń ṣe mí bíi kí n pariwo, kí n ní ẹ̀yin aláìmọ̀kan wọ̀nyí, òun náà ni, èmi náà ni! Ṣùgbọ́n òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ lé, nítorí náà mo gbé e mì.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, tíránsífà dé fún un. Kì í ṣe ẹnikẹ́ni ló rojọ́ wa, ìjọba kàn ń pín tíṣà kiri bí wọ́n ti máa ń ṣe, wọ́n ní kó máa lọ sí ọ̀nà Ìgbòkòdá, níbi tí ọ̀nà ti parí tí omi ti bẹ̀rẹ̀. Mo sunkún títí. Nígbà tí mo sunkún tán, mo rí nǹkan kan di mú. Mo ní, "Ó dáa, wọ́n ti yà wá. Bí o bá dé ọ̀hún, máa jẹun." Ó ń di ẹrù, ó ń ká aṣọ mọ́ra. "Ìjọba ló fún mi ní tíránsífà," ó ní. "N kò fi ọ́ sílẹ̀." Mo ní, "Èmi fi ọ́ sílẹ̀ nígbà náà! Mo fi ọ́ sílẹ̀, o gbọ́? Ó ti tán. Lọ jẹun!" Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Irọ́ lò ń pa," ó ní, ó sì ń ká aṣọ lọ.

Àìkú tó kẹ́yìn kó tó lọ bọ́ sí ọjọ́ Oúnjẹ Olúwa. Bẹ́ǹṣì wa dìde. N kò dìde. Ọ̀rẹ́ mi fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi, ó rọra ní, "Dìde." Mo ní n kò dìde. "Wọ́n ń wò wá." Mo ní kí wọ́n wò. Àwọn èèyàn ní láti sún aṣọ wọn jọ kí wọ́n tó lè kọjá níwájú orúnkún wa méjèèjì. Ìyá àgbà dé ibi tí a wà, ó dúró, ó wo òun, ó wo èmi, ó sì pẹ́ lójú mi kó tó yí padà. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ti yé e. Ó gbé ìkángun ìró rẹ̀ sókè, ó kọjá lọ síbi pẹpẹ, títí mo sì fi kúrò ní Ìdógùn, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọkàn mi balẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì yẹn ju bí ó ti balẹ̀ rí ní gbogbo ọjọ́ tí mo fi kúnlẹ̀ níbi pẹpẹ.

Láti ìgbà náà mo ti gbọ́ àríyànjiyàn yìí lọ́pọ̀ ìgbà, nínú ìpàdé ìjọ, lórí rédíò, lẹ́nu àwọn ọmọdé tí kò mọ̀ ju kí wọ́n tọ́ka sí ẹsẹ Bíbélì. Èyí tó máa ń dùn mí jù ni kí wọ́n ní àwọn irú wa kò ka ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sí. N kì í bá wọn jiyàn, n kò mọ̀wé tó Bàbá Katikíìsì, bí ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù sì ṣe rí gan-an, n kò tíì mọ̀ ọ́n dòní. Ṣùgbọ́n mo mọ obìnrin kan tó sọ gbólóhùn kan níwájú Ọlọ́run, gbólóhùn tí kì í ṣe tirẹ̀, tó kàn gbé kúrò lẹ́nu mi kí wọ́n má baà rí mi. Ó pa á mọ́, kò tún jẹ Oúnjẹ Olúwa títí tó fi kú ní ọ̀hún ní Ìgbòkòdá. Ìyókù ìjọ, àwọn tó ṣe Àmín sí i, wọ́n jẹun ní Àìkú Oúnjẹ Olúwa tó tẹ̀ lé Àmín náà, mo sì bá wọn jẹ.